Omi iyọ̀ dídì nínú kúlà ẹja, láti Kàbà dé Ìsánlú

Okun o, gbogbo ilé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ta ẹja tútù ní Ìsánlú. Kàbà ni wọ́n ti ń rà á ní páálí, wọ́n á gbé e wọ mọ́tò, mọ́tò ò ní tètè kún, bó bá kún tán ó tún máa dúró já èrò ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, ó tún máa dúró ní Mọ̀pà, kí wọ́n tó délé ẹja tó le gbagidi nígbà tí wọ́n rà á ti ń rọ̀, omi ẹ̀jẹ̀ ti ń jò gba abẹ́ páálí. Kòtè ṣì máa ń gbìyànjú díẹ̀, àmọ́ ṣáwà ò lè fara dà á rárá, ikùn ẹ̀ á bẹ́, ẹja tí ikùn ẹ̀ bá sì ti bẹ́, oníbàárà á kàn fìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, á ní kí wọ́n bá òun mú òmíì.

Ẹnì kan ló sọ fún wọn lọ́jà pé tí èèyàn bá fi iyọ̀ sómi kó tó dì í, ó máa ń tutù ju áìsì lásán lọ. Wọ́n wá pè mí, torí èmi ni mo máa ń tú fáànù àti rédíò palẹ̀ nílé wa, pé "àbúrò, wá bá mi wò ó bóyá òótọ́ ni." Òótọ́ ni o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò parí síbẹ̀, ibi tí kò parí sí yẹn ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ àti iná ti ń ṣòfò.

1. Kúlà fúnra ẹ̀

Kí n tó débi omi, mo kọ́kọ́ yẹ kúlà wò. Kúlà búlúù oní 40 lítà ni, ara ẹ̀ nípọn dáadáa. Mo wá fi ìka kan ìdérí ẹ̀, ó ń dún kó-kó-kó, òfìfo ni, kò sí fóòmù kankan nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ kúlà tí wọ́n ń tà lọ́jà ló rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi fóòmù sára, wọ́n á fi ìdérí sílẹ̀ lásán.

Alẹ́ ni mo ṣe àyẹ̀wò kejì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo gbé e sínú kúlà, mo dé e, mo pa iná yàrá. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ ní igun méjì lọ́wọ́ ẹ̀yìn níbi tí àgbékọ́ ìdérí wà, ó fẹ̀ débi pé mo lè ka nọ́ńbà tó wà lára páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń jáde, ooru ń wọlé níbẹ̀.

Ohun tí mo ṣe:

Mo gé fóòmù funfun tó máa ń wà nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, èyí tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 3, mo gé e kó wọ ẹnu kúlà pinpin, mo fi láílọ́ọ̀nù wé e kó má baà máa rún sínú ẹja, mo wá fi gọ́ọ̀mù àti téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí. Mo fi fóòmù téèpù tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn yí gbogbo ẹnu ẹ̀ ká. Mo tún tan tọ́ọ̀ṣì, ìmọ́lẹ̀ ò yọ mọ́ àfi fẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá òsì, mo fi rọ́bà ìdè so ìdérí mọ́lẹ̀ lápá ibẹ̀.

Tí ẹ ò bá fẹ́ ka ìyókù, ẹ ṣáà ṣe èyí. Áìsì lásán nínú kúlà tí ò jò sàn ju omi iyọ̀ nínú kúlà tó ń jò.

2. Iyọ̀ àdàkún

Ẹ̀gbọ́n mi ló da iyọ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ní tí díẹ̀ bá dáa, púpọ̀ á dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń da iyọ̀ sínú omi, wọ́n ń rò ó, títí iyọ̀ fi kọ̀ tí kò yòrò mọ́, ó wá jókòó sí ìsàlẹ̀ ike. A kó ike náà sínú fírísà.

Kò dì. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kò dì. Píọ̀ wọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti le tó ohun tí wọ́n lè fi fọ́ èkùrọ́, ike oníyọ̀ ṣì ń dún wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ tí a bá mì í.

Mo ra tamọ́mítà fíríìjì, èyí tó ní okùn tín-ín-rín tí èèyàn lè ti bọ àárín ẹrù, mo kì í sáàárín àwọn ike yẹn, mo jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ó ka -12°C. Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Omi lásán máa ń dì ní 0. Bí iyọ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀ ni ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dì ń lọ sísàlẹ̀. Tí iyọ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n gbogbo ẹ̀, ó máa bẹ̀rẹ̀ ní bíi -3. Ìdá 10, bíi -6 àti ààbọ̀. Ìdá 15, bíi -11. Ìdá 20, bíi -16 àti ààbọ̀. Tó bá dé ìdá 23, a ń sọ̀rọ̀ -21 nìyẹn. Fírísà ilé tó dáa tí iná ò lọ lórí ẹ̀, -18 ni wọ́n ṣe é fún, tiwa tí áìsì ti gun ògiri ẹ̀, tí iná sì ń wá ń lọ, -12 ló lè ṣe. Àdàkún yẹn ò lè dì níbẹ̀ láéláé, àní tí a bá fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹlòmíì á ní ṣebí ó ti tutù tó -12 náà, kí ló kàn wá tí kò bá dì? Ó kàn wá gan-an. Agbára áìsì wà nínú yíyọ́ ẹ̀. Kílò áìsì 1 máa gbé ooru tó 334 kílójúùlù mì kó tó yọ́ tán, kò sì ní gbóná sí i ní gbogbo àsìkò yẹn. Omi tó kàn tutù láì dì ò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀. A gbé ike àdàkún yẹn sínú kúlà láàárọ̀ pẹ̀lú ẹja, kí oòrùn tó dé àtàrí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Iyọ̀ ò gbé òtútù kankan wá láti ilé ẹ̀ o. Gbogbo òtútù tó wà nínú ike yẹn, fírísà ló fi síbẹ̀, owó iná la sì fi rà á. Ohun tí iyọ̀ ń ṣe ò ju pé ó ń yan ibi tí áìsì náà ti máa yọ́.

3. Ìdá 10

A tún un pò. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n lọ́tẹ̀ yìí. A ò ní òṣùwọ̀n nílé, àmọ́ píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50cl, ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí a fi ọ̀bẹ gé orí ẹ̀ dọ́gba sì máa ń gba iyọ̀ ilé tó gíráàmù 18 tàbí súnmọ́ ọn. Nítorí náà ṣíbí 3 sí píọ̀ wọ́tà 1 máa súnmọ́ ìdá 10. Ike 1.5 lítà, píọ̀ wọ́tà 2 àti ààbọ̀ ni mo ń dà sí i, mi ò kún un dé ẹnu, torí omi máa ń fẹ̀ sí i tó ìdá 9 nínú 100 tó bá dì, ike tó bá kún á là. Ìyẹn máa gba ṣíbí 7 àti ààbọ̀.

Omi gbígbóná díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yọ́ iyọ̀ náà, kí ẹ wá da omi tútù sí i, kí ẹ jẹ́ kó tutù kó tó wọ fírísà.

Eléyìí dì, àmọ́ kò dì bí èèyàn ṣe ń retí. Áìsì lásán máa ń mọ́ gaara tàbí kó ní funfun díẹ̀ láàárín, eléyìí funfun látòkè délẹ̀ ni, tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ara ike ó ń wọlé, ó ń dún ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí yanrìn. Mo dojú ike kan dé, omi díẹ̀ ń ṣàn wá sí ẹnu ẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, iyọ̀ ẹ̀ lágbára ju èyí tí mo dà sí i lọ. Ìdí ni pé omi ló ń dì, iyọ̀ ò dì, ó ń sá sínú omi tó kù, omi tó kù yẹn á wá máa le láti dì sí i. Ní -12 tiwa yẹn, ìdá 10 ò ní di áìsì tó ààbọ̀ ike, ìyókù á wà ní omi.

4. Ìdá 5, àti ìdánwò

Mo dín in kù sí ìlàjì, ṣíbí 1 àti ààbọ̀ sí píọ̀ wọ́tà 1, ike ńlá kan gba ṣíbí 4 dín díẹ̀. Ó le dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìka ò wọlé mọ́ àfi tí èèyàn bá fipá tẹ̀ ẹ́.

Mo wá dá wọn wò, kúlà kan náà, ike 6 nígbà kọ̀ọ̀kan, abẹ́ ìbòòji ẹ̀yìnkùlé, okùn tamọ́mítà láàárín àwọn ike, mi ò sì ṣí ìdérí. Ago 6 àárọ̀ ni mo ń bẹ̀rẹ̀.

Áìsì lásán: ọ̀sán 0, ago 6 ìrọ̀lẹ́ 0 sí 1, àárọ̀ ọjọ́ kejì 2, áìsì díẹ̀ ṣì ń léfòó nínú ike.

Ìdá 5: ọ̀sán -4, ìrọ̀lẹ́ -3, àárọ̀ ọjọ́ kejì 7, ó ti yọ́ tán.

Ìdá 10: ọ̀sán -7, ìrọ̀lẹ́ 2, àárọ̀ ọjọ́ kejì 13.

Kúlà tiyín, oòrùn tiyín, nọ́ńbà tiyín á yàtọ̀, àmọ́ bó ṣe tò yẹn ni yóò máa tò. Èyí tó tutù jù ló kọ́kọ́ parí. Áìsì lásán ló pẹ́ jù. Ẹni tó ní omi iyọ̀ "dáa ju" áìsì lọ, ẹ bi í pé fún kí ni.

Fún ẹja dídì, ìdáhùn wà níbẹ̀ kedere. Ẹja ní omi, ó sì ní iyọ̀ díẹ̀ lára, kì í bẹ̀rẹ̀ sí í dì títí ó fi dé bíi -1 sí -2. Áìsì lásán sì ń jókòó sí 0. Tí ẹ bá to ẹja dídì sáàárín áìsì lásán, áìsì yẹn gan-an ló ń tú u, díẹ̀díẹ̀, láìdákẹ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn, wọ́n ń fowó ra áìsì blọ́ọ̀kù lé ẹja lórí, ẹja ń rọ̀ lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ń bú oníáìsì. Ìdá 5 tó ń yọ́ ní -3 ló gbà wá, ọjọ́ kan ni wọ́n fẹ́ kó fi mú, wọn ò nílò kó di ọjọ́ kejì.

Fún sóbò, omi àti ohun mímu, áìsì lásán ni kí ẹ lò. Kò sídìí láti fi iyọ̀ ṣòfò.

5. Ike kan náà, fírísà míì

Ọkùnrin tí wọ́n ń ra ẹja lọ́wọ́ ẹ̀ ní Kàbà gbà kí wọ́n máa fi ike sílẹ̀ nínú kóòlù-rúùmù ẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n á rajà, ₦50 lórí ike kan. Mo fún wọn ní ìdá 5 mẹ́ta àti ìdá 10 mẹ́ta. Kóòlù-rúùmù yẹn tutù ju fírísà wa lọ fíìfíì, mo fi tamọ́mítà ránṣẹ́ pẹ̀lú wọn, ó ka -20. Ìdá 10 tó rọ̀ bí ìrẹsì tó jinná jù nílé wa, ó le débi pé ike ẹ̀ wú ní ìdí kò lè dá dúró mọ́.

Nítorí náà ẹ má kàn wo iye iyọ̀ tí ẹlòmíì lò kí ẹ lò ó. Ẹ wọn fírísà yín kẹ́ ẹ tó wọn iyọ̀. Tó bá jẹ́ -10 sí -13, ẹ dúró ní ìdá 5. Tó bá dé -18 lọ sísàlẹ̀, ìdá 10 máa wúlò fún yín, ní pàtàkì tí ọ̀nà ò bá jìn. Tí ẹ ò bá ní tamọ́mítà, ike tí ẹ bá tẹ̀ tó ń wọlé ti sọ fún yín pé iyọ̀ ti pọ̀ jù fún fírísà náà.

6. Títo kúlà

Ike 2 sísàlẹ̀, ẹja, ike 2 lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹja, ike 2 lókè pátápátá. Ti òkè ló ṣe pàtàkì jù, torí afẹ́fẹ́ tútù máa ń wálẹ̀ ni, tí ẹ bá kó gbogbo ike sí ìsàlẹ̀ ẹja òkè ló máa kọ́kọ́ rọ̀. Àyè tó bá ṣófo, ẹ fi ìwé ìròyìn tàbí aṣọ gbígbẹ dí i. Kúlà náà fúnra ẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù ṣáájú, ẹ gbé ike kan sùn sínú ẹ̀ lálẹ́, tí kúlà bá ti gbóná látinú oòrùn kí ẹ tó kó ẹja sí i, wákàtí méjì àkọ́kọ́ ike yín kúlà ló máa fi tutù, kì í ṣe ẹja.

Nínú mọ́tò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí irin bọ́ọ̀tù, ooru ẹgisọ́ọ̀sì wà lábẹ́ ẹ̀. A ń fi àpò ìrẹsì tí a ká sí mẹ́rin tẹ́ ẹ.

Ìgbà ọyẹ́, àpò tí a rẹ sómi tí a fi bo kúlà máa ń ṣe bẹbẹ, torí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi ń fẹ́ kúrò lára ẹ̀ kíákíá. Ìgbà òjò, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, àpò á kàn tutù lásán ni.

Yógọ́ọ̀tì ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń kó lọ tà ní ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sì rí i pé ike tuntun yìí ń mú, wọ́n bá to ike oníyọ̀ sáàárín yógọ́ọ̀tì. Gbogbo èyí tó fara kan ike ló dì. Nígbà tó yọ́, omi ẹ̀ ya sọ́tọ̀ lókè, ìsàlẹ̀ di hóró-hóró, àwọn ọmọ ní ó ti bàjẹ́, kò sì bàjẹ́, àmọ́ ta ló máa rà á. Láti ìgbà yẹn yógọ́ọ̀tì ní kúlà tiẹ̀ pẹ̀lú áìsì lásán. Tó bá di dandan kí méjèèjì wà nínú kúlà kan, páálí nípọn kan láàárín wọn, ike oníyọ̀ ò gbọ́dọ̀ kan ohun tí a ò fẹ́ kó dì.

7. Ìdérí, ìpẹtà, àti àwọn ọmọ

Omi iyọ̀ jò láti ẹnu ike kan sínú fírísà, a ò tètè rí i, ó gbẹ síbẹ̀, ó fi ìlà funfun sílẹ̀, nígbà tí mo fi aṣọ nù ún ibi tí ọ̀dà ti hó lábẹ́ ẹ̀ ti ń pọ́n. Irin àti iyọ̀ ò lè jọ gbé. Báyìí, gbogbo ike, mo máa ń dojú ẹ̀ dé fún ìgbà díẹ̀ lórí ìwé gbígbẹ, èyí tó bá tu omi, ìdérí ẹ̀ á kúrò. Mo tún fi tíréè pílásítíìkì sí ìsàlẹ̀ fírísà.

Ike wọ̀nyí jọ ike omi mímu nítorí pé ike omi mímu ni wọ́n. Ọmọ kan nílé bu ọ̀kan mu, ó tu ú dànù, ó sunkún díẹ̀, ó tán. Téèpù pupa la fi ń wé ọrùn èyí tó ní iyọ̀, a sì da omi ewé sóbò díẹ̀ sínú ẹ̀ kí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀. Téèpù kan, ìdá 5. Téèpù méjì, ìdá 10.

Kò sídìí láti máa da omi náà nù. Ó yọ́, ó padà sí fírísà, iyọ̀ ẹ̀ ò lọ síbì kan. Kí ẹ ṣáà mì í dáadáa kó tó padà wọlé. Tí ike bá là, ẹ má dà á sí ìdí ẹ̀fọ́.

8. Owó

Tamọ́mítà ló wọ́n jù, ₦4,500. Fóòmù téèpù ₦1,200, gọ́ọ̀mù àti téèpù pupa ₦1,500, iyọ̀ kílò 1 ₦700, ó sì ṣẹ́kù. Fóòmù abẹ́ ìdérí, ọ̀fẹ́. Ike, a ṣà wọ́n jọ lẹ́yìn ìsìnkú kan ládùúgbò, ọ̀fẹ́. Gbogbo ẹ̀ ₦7,900, láì ka ₦300 tí wọ́n ń san fún kóòlù-rúùmù nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá lọ. Áìsì blọ́ọ̀kù tí wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀ ju ìyẹn lọ, wọn ò sì rà á mọ́.

Ṣáwà tí wọ́n kó wálé kẹ́yìn, mo bá wọn já a kúrò nínú kúlà. Àwọn tó wà ní àárín ṣì lẹ̀ mọ́ra, ọ̀bẹ la fi yà wọ́n. Àwọn tó wà ní igun apá òsì, níbi ìdérí tí mo fi rọ́bà so yẹn, ti ń rọ̀ ní etí. Àgbékọ́ ibẹ̀ ló ti tẹ̀, mo máa yọ ọ́, màá fi bọ́ọ̀tì gígùn dè é. Kúlà yógọ́ọ̀tì náà ò tíì ní fóòmù lábẹ́ ìdérí, òun ló kàn lẹ́yìn ìyẹn.